Sìdí, Mi Ò Ní Lẹ Táìlì Yẹn

Sìdí Àbẹ̀kẹ́, ọmọ Ràbí ìyá wa,

Kàmórù ọmọ iṣẹ́ mi tó gbé lẹ́tà yìí wá fún ẹ, nǹkan kan tó ká róbótó wà léjìká ẹ̀. Gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn, fún un lómi mu, àmọ́ má tíì tú u. Ka lẹ́tà ná. Mo mọ̀ ẹ́, o máa fẹ́ kọ́kọ́ fò lọ sí ìparí bó o ṣe máa ń ṣe sí gbogbo ohun tó bá gùn. Lọ́tẹ̀ yìí, jọ̀ọ́, bẹ̀rẹ̀ látòkè.

Mo pè ẹ́ lórí fóònù, o gé e mọ́ mi létí. Mo fi ohùn ránṣẹ́ sórí Wasáàpù, o ò tẹ̀ ẹ́ títí di ìsinsìnyí. Èmi dẹ̀ wà ní sáìtì l'Ájá, mi ò lè wálé títí a ó fi parí ilẹ̀ òkè. Ni mo bá ra ìwé àti báírò, mo jókòó sórí àpò sìmẹ́ńtì. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ń wò mí bíi pé orí mi ti ń dàrú.

"Mufu, ṣé wíìlì lò ń kọ ni? Kí lo tiẹ̀ ní?"

"Mo ní ẹwà," mo dá wọn lóhùn. "Ẹ lọ po sìmẹ́ńtì."

Ìwọ lo lọ pólì, ìwọ lo mọ ibi tí wọ́n ń fi àmì sí. Èmi, Jéèsì Tíírì ni èmi àti súkúù ti pín gààrí. Ṣùgbọ́n bó o bá rí àṣìṣe níbí, gbójú kúrò níbẹ̀, ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ ni kó o mú. Ọwọ́ tó kọ ọ́ ló san owó tó o fi mọ àṣìṣe.

O gbọ́ ohun tí Àlùfáà ṣe fún mi? Àlùfáà tó máa so yìgì yín ní kí wọ́n pe bàbá ọmọ wá, ẹni tó máa fi ọmọ fọ́kọ. Mo wọlé. Ó wo irun orí mi tí mo gé bíi ti gbajúmọ̀, ó wo síìnì ọrùn mi, ó ní, "Bàbá ọmọ ni mo ní kí wọ́n pè."

Mo ní, "Àlùfáà, òun náà ló dúró níwájú yín yìí."

"Ìwọ? Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́?"

"Àlùfáà, ẹ má béèrè ọjọ́ orí. Ẹ béèrè ta ló ń sè fún un, ta ló ń fọ aṣọ súkúù ẹ̀, ta ló lọ bá tíṣà jà nígbà tí wọ́n nà án láìṣẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀, ó ní kí n jókòó sórí àga àwọn bàbá. Nítorí náà, Sìdí, má wò ó pé ẹ̀gbọ́n ẹ ló ń kọ èyí. Òbí ló ń kọ̀wé sọ́mọ. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Bí àgbà náà bá tiẹ̀ jẹ́ ọmọ ọgbọ̀n ọdún ó lé díẹ̀ tí gbogbo ọmọge Múṣin ń wo ẹ̀yìn ẹ̀, àgbà náà ni.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ. Lẹ́yìn yìgì, ìwọ àti Wàlíù máa kó lọ sílé ẹbí Wàlíù ní Àgùdà. Yàrá méjì lẹ́yìnkùlé. Òrùlé ń jò, ilẹ̀ ti hó. Gbogbo àjọ tó o ti ń dá látìgbà tó o ti níṣẹ́ ní Yábàá lo fẹ́ kó lé e lórí: páànù tuntun, sílíìnì, omi, ilé ìwẹ̀. O dẹ̀ ní kí n wá lẹ táìlì sí i, kó jẹ́ ẹ̀bùn ìgbéyàwó látọwọ́ mi. Mo ní mi ò ṣe. O ní, "Bọ̀dá Mufu, ẹ ti lẹ táìlì fún gbogbo olówó Èkó tán, èmi àbúrò yín lẹ wá ń ṣahun sí." O tún ní mò ń jowú ọkọ ẹ.

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Bóyá o ò mọ̀. Ó wọ̀ mí lára gan-an.

Mo gbọ́ ẹjọ́ tìẹ náà o. Mi ò dití. O ní owó tá a bá máa kó fún lánlọ́ọ̀dù, ká kúkú fi tún ilé ara wa ṣe. O ní ẹ̀jẹ́ǹtì fẹ́ jẹ, lọ́yà fẹ́ jẹ, lánlọ́ọ̀dù fẹ́ gba ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan, tó bá dẹ̀ tún gbọ́ pé o ra fíríìjì, á ní rẹ́ǹtì ti gun òkè. Òótọ́ ni gbogbo ẹ̀. Lánlọ́ọ̀dù wa níbí náà ti kan ilẹ̀kùn mi kí n tó wá sí sáìtì. Ó ní ọmọ òun tó wà ní Kánádà ní kí òun sọ ilé di ilé àlejò fún àwọn tó ń wá gbé ọjọ́ bíi mélòó kan lọ. Nítorí náà mi ò ní ibì kan tí mo lè nawọ́ sí pé lọ síbẹ̀, ibẹ̀ lo máa ti rí ìfọ̀kànbalẹ̀. Kò síbẹ̀. Ìlú yìí ò kọ́ ibẹ̀ fún irú wa. Ohun tí mo ní fún ẹ ò ju ohun tójú mi ti rí.

Àkọ́kọ́, Àbẹ̀kẹ́: má gbẹ́kẹ̀ lé òkú.

Ọmọdé ni ẹ́ nígbà tá a wà nílé Bàbá Àgbà ní Múṣin. O rántí àgbàlá, o rántí ẹyẹlé àwọn Ìyá Tàwá, bóyá o ò rántí ohun tó kù. Ilé fésì-mí-àì-fésì-yù ni, yàrá lọ́tùn-ún, yàrá lósì, kọ́rídọ̀ gígùn láàrin. Sàréè Bàbá Àgbà wà nínú kọ́rídọ̀ yẹn gan-an, lọ́nà ilé ìdáná. Orí ẹ̀ lo ti máa ń ṣe iṣẹ́ súkúù nígbà tí oòrùn bá mú níta. Bí àwọn ayálégbé bá ń bẹ̀rù pé wọ́n máa ta ilé, àwọn ọmọ ilé á rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní, ilé tí onílé fúnra ẹ̀ ń sùn sí, ta ló máa rà á? Ta ló máa ra òkú olókùú? Gbogbo wa gbà bẹ́ẹ̀. Èmi gan-an gbà á ju gbogbo wọn lọ.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fíríìdọ̀ọ̀mù nígbà yẹn. Mo ti di ọ̀gá ara mi, ilẹ̀ ò gbà mí mọ́. Gbogbo àjẹkù táìlì tí mo bá rí ní sáìtì ni mò ń rù wálé. Mo lẹ yàrá Màámi. Mo lẹ kọ́rídọ̀ látẹnu ọ̀nà dé ilé ìdáná. Nígbà tó yá, mo lẹ sàréè Bàbá Àgbà, táìlì dúdú tó ń dán bíi bàtà sọ́jà. Àwọn èèyàn ń wá láti òpópónà kejì wá wò ó. Màámi nìkan ni ò yìn mí.

"Mufu, ilé tá ò mọ ibi tí ìwé ẹ̀ wà lò ń ṣe lẹ́ṣọ̀ọ́ yìí o."

"Màámi, ilé wa ni. Ilé ẹni la ti ń jẹ èkúté onídodo."

"Jẹ èkúté," ó ní. "Ṣáà mọ ẹni tó ni àwo."

Mo rò pé awàdà ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá wa, tó jẹ́ ọmọ ìyàwó àkọ́kọ́ Bàbá Àgbà, mú àwọn ọkùnrin méjì wọlé. Bàtà wọn mọ́. Sìdí, bó o bá rí bàtà tó mọ́ ní kọ́rídọ̀ wa lásìkò òjò, ó yẹ kó o ti fura. Èmi ò fura. Bàbá Kékeré ní, "Mufu, wá fi iṣẹ́ ọwọ́ ẹ han àwọn àlejò." Háà! Inú mi fẹ́ẹ̀ẹ́ bẹ́. Mo rò pé kọ́sítọ́mà ni wọ́n, pé òkìkí mi ti kàn dé Ìkẹjà. Mo sáré ra mínírà tútù. Mo mú wọn yíká. Mo fi igun hàn wọ́n, mo ní kí wọ́n fọwọ́ tọ́ ọ, mo ní kí wọ́n wò ó bí ìlà ẹ̀ ṣe gún bí ọfà.

Ọ̀kan nínú wọn yọ téèpù. Ó ní, "Ọ̀dọ́kùnrin, bá mi di ìdí ẹ̀ mú."

Mo dì í mú. Láti ojú títì dé ògiri ẹ̀yìn, mo di ìdí téèpù mú. Mo tiẹ̀ ń pàṣẹ fún wọn: "Ẹ fà á le, sà, ó ń tẹ̀ láàrin." Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní iṣẹ́ mi dára. Wọ́n mu mínírà mi tán, wọ́n lọ.

Bí wọ́n ṣe wọn ilé tá à ń gbé nìyẹn, tó jẹ́ èmi tí mo lẹ táìlì ẹ̀ ni mo bá wọn dì í mú.

Ìkejì: ìyàwó ilé ò ní igun nínú ilé. Gbọ́ ọ dáadáa, torí ìyàwó ilé ni wọ́n máa pe ìwọ náà lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀.

Nígbà tí wọ́n pe ìpàdé ẹbí, Màámi ló gbá àgbàlá, Màámi ló to àga, Màámi ló gbé omi wá. Bó ṣe ní kóun jókòó sẹ́nu ọ̀nà, Bàbá Kékeré ní, "Ìyàwó wa, ẹ ṣeun o. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ilé la fẹ́ sọ." Obìnrin tó bọ́ Bàbá Àgbà lónjẹ lọ́wọ́ ara ẹ̀ títí bàbá fi kú, tó sin ọkọ ẹ̀ látinú ilé yẹn, ó gbé tírè ẹ̀, ó jáde. Mo rí i láti ojú fèrèsé. Ó jókòó sórí ìkòkò aró tó dojú délẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà bíi pé kò sóhun tó ń ṣẹlẹ̀.

Ìyàwó mẹ́ta ni Bàbá Àgbà fẹ́. Bàbá wa nìkan ni ìyàwó kẹta bí. Bí wọ́n bá pín in ní ìdí-igi, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń pín ogún, ìdí kọ̀ọ̀kan á mú tiẹ̀, ìdí tiwa náà á mú tiẹ̀ dọ́gba. Ṣùgbọ́n ìdí Bàbá Kékeré, wọ́n pọ̀ bí eṣú. Ó ní orí-ò-jorí ni kí wọ́n fi pín in, olúkúlùkù ọmọ kó mú ti orí ẹ̀.

Mo dìde. "Bàbá Kékeré, ẹ jọ̀ọ́, ìdí mẹ́ta ni Bàbá Àgbà ní."

"Ta lẹni tó ń sọ̀rọ̀?"

"Èmi ni, sà. Múfútáù."

"Ìwọ tó o fi mínírà ṣe àwọn tó rà á lálejò? Ṣé ó ti ń dùn ẹ́ ni?"

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Sìdí, mo padà jókòó. Orí bàbá wa, orí ẹyọ kan, ni wọ́n kà. Ohun tó kàn wá ò tó gba yàrá kan ní àdúgbò kan náà.

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa wó o, mo mú irin àti òòlù, mo ní mi ò ní fi táìlì mi sílẹ̀ fún wọn. Àwọn ọmọ iṣẹ́ àwọn tó rà á ní kí n yára. Mo gbẹ́, mo gbẹ́. Kò sí èyí tó jáde lódindi. Táìlì tí èmi Mufu bá lẹ̀, á di ikú kó tó yà. Iṣẹ́ mi ti dára jù, Àbẹ̀kẹ́. Ẹlòmíràn tí iṣẹ́ ẹ̀ ò dára tó tèmi ì bá rí mẹ́ta mẹ́rin kó lọ. Èmi, àfọ́kù ló kún ọwọ́ mi, ẹ̀jẹ̀ dẹ̀ kún àfọ́kù.

Bàbá Àgbà ńkọ́? Wọ́n mú àlùfáà kan wá, ó ṣe àdúrà kékeré, wọ́n ká egungun sínú aṣọ funfun, wọ́n gbé e lọ sí ibi ìsìnkú. Onílé fúnra ẹ̀ kó jáde lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú àwọn ayálégbé. Wọn ò fún òun náà ní nótíìsì.

Ìjọra tá a kó lọ ò ní pẹ́ lẹ́nu mi. O wà níbẹ̀, o ti tó ẹni tó ń rántí nígbà yẹn. Yàrá ìsàlẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rélùwéè. Bí òjò bá rọ̀ l'Ékòó, ọ̀dọ̀ wa ló ń wá sùn. Màámi á máa fi ìgbálẹ̀ gbá omi jáde lẹ́nu ọ̀nà, omi á yí gba ẹ̀yìn wọlé. Ògiri tutù, ẹní tutù, èémí Màámi ń há. Ẹni tó ń mí dáadáa ní Múṣin, ní Ìjọra, bó bá ń sùn, ó ń hó bí ìkòkò. Ọjọ́ tá a gbé e dé ọsibítù, ọ̀rọ̀ tó bá mi sọ kẹ́yìn ò ju èyí lọ: "Ṣé o ti gbé bẹ́ẹ̀dì Sìdí sórí búlọ́ọ̀kù?" Mo ní mo ti gbé e. Irọ́ ni mo pa. Ìgbà tí mo délé ni mo gbé e.

Ìyàwó ilé tó gbá àgbàlá ilé olókùú látìgbà tó ti wà lọ́mọge, ibi tó kú sí nìyẹn. Mi ò ní kí àìsàn má ṣeni níbòmíràn. Ohun tí mò ń sọ ni pé ilé tó tún ṣe ò rántí ẹ̀.

Jẹ́ n sọ nípa ilé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ l'Ájá yìí díẹ̀. Ilé ìwẹ̀ kan ṣoṣo nínú ẹ̀ tóbi ju yàrá Ìjọra lọ. Kò sẹ́ni tó ń gbébẹ̀, kò dẹ̀ sẹ́ni tó máa gbébẹ̀. Ọ̀gá tó ń kọ́ ọ ní òun kàn fẹ́ kó wà ni. Ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ọ ń sùn lábẹ́ àtẹ̀gùn lórí páálí. Lánàá, ìyàwó ọ̀gá wá wo ilẹ̀ tá a ti lẹ̀ parí, ó ṣu ẹnu pọ̀.

"Àwọ̀ yìí ò wù mí mọ́. Ẹ hó o."

Mo ní, "Mà, èyí tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín mú náà nìyí o."

"Mo mọ̀. Kò wù mí mọ́ ni mo wí."

A ti ń hó o láti àárọ̀. Òun ló fà á tí mo fi wà lórí àpò sìmẹ́ńtì tí mò ń kọ̀wé. Ẹni kan ń fọ́ táìlì torí àwọ̀ ò wù ú. Ẹni kan fi irin àti òòlù gbẹ́ tiẹ̀, kò rí ẹyọ kan mú lọ. Táìlì kan náà. Mi ò fi ṣe ẹ̀kọ́ kankan fún ẹ, mo kàn ní kó o mọ irú ìlú tá à ń gbé.

Ìkẹta, àbí ìkẹrin ni, mi ò kà á mọ́. Ohun tí mi ò tíì sọ fún ẹ nìyí, òun gan-an ni mo ṣe ń kọ lẹ́tà.

O rò pé mi ò fẹ́ lẹ táìlì yẹn. Mo fẹ́. Mo ti yan àwọ̀ ẹ̀ lọ́kàn. Mo lọ sí Àgùdà fúnra mi lọ wọn yàrá, Wàlíù ló ṣílẹ̀kùn fún mi. Mo ti wọn yàrá kan tán, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fa téèpù dé ògiri ìgbẹ̀yìn yàrá kejì ni mo gbọ́ ohùn lẹ́yìn mi.

"Ta ló tún rán èyí wá?"

Ìyá Àgbà ni, ìyá bàbá Wàlíù, tòun tọ̀pá ẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀. "Ẹ káàsán, mà."

"Má kí mi. Ṣé àwọn tọjọ́sí ò wọ̀n ọ́n tó ni?"

"Mà, ẹ̀gbọ́n Sìdí ni mí, ìyàwó Wàlíù. Táìlì ni mo fẹ́ lẹ̀ fún wọn."

"Táìlì?" Ó wo téèpù ọwọ́ mi bí ẹni wo ejò. "Ẹ̀yin onítéèpù yìí, ẹ jẹ́ kí n kú ná. Ṣé n ò ní kú ni? Ẹ jẹ́ kí n kú tán kẹ́ ẹ tó máa wọ̀n ọ́n."

Wàlíù ń rẹ́rìn-ín. "Bọ̀dá, ẹ má dá Màmá lóhùn. Ọjọ́ ogbó ni. Ta ló máa ta ilé yìí? Sàréè Bàbá ló wà níta yẹn."

Mo wo ibi tó nawọ́ sí. Sàréè wà níbẹ̀ lóòótọ́, níwájú ilé. Wọ́n ti lẹ táìlì sí i. Ìlà ẹ̀ wọ́, ẹni tó ṣe é ò mọṣẹ́, àmọ́ táìlì ni.

Mo ká téèpù mi sápò. Mo ní mo ti wọ̀n ọ́n tán. Mo bọ́ síta, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà. Sìdí, téèpù kan ti wọ ilé yẹn ṣáájú tèmi. Ìyá yẹn ò ya wèrè. Òun nìkan lójú ẹ̀ là nínú ilé.

Wàlíù ò burú. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ó ń ṣiṣẹ́, kì í mutí, ó ń bẹ̀rù mi díẹ̀, èyí tó dára. Ṣùgbọ́n wọn ò lé e jáde nílé rí. Ẹni tí wọn ò lé jáde rí, ó rò pé ògiri ní ìfẹ́ òun. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Bi í léèrè, kì í ṣe pẹ̀lú ìjà o, nígbà tó bá jẹun tán: ìyàwó mélòó ni bàbá àgbà ẹ̀ fẹ́? Ìdí wo lòun ti wá? Lọ́wọ́ ta ni ìwé ilé wà? Bó bá ní òun ò mọ̀, o ti gbọ́ ìdáhùn.

Mi ò ní kó o má lọ gbé ibẹ̀. Níbo lo fẹ́ lọ? Gbé ibẹ̀. Ra páànù tó máa dí ibi tó ń jò nìkan, kóòjò má bàa pa ẹ́ bó ṣe pa ìyá wa. Gbé bẹ́ẹ̀dì ẹ sórí búlọ́ọ̀kù. Lẹ́yìn ìyẹn, jẹ́ kílé ó wà bó ṣe wà. Má ṣe sílíìnì. Má gbẹ́ kànga. Àjọ ẹ, jẹ́ kó wà lórúkọ ẹ, kó má jáde nítorí ẹ̀rín ẹnikẹ́ni. Bó o bá fẹ́ ra nǹkan, ra èyí tó ní ẹsẹ̀, èyí tó lè tẹ̀lé ẹ: máṣíìnì, sítóòfù, ọgbọ́n. Báwọn ìyàwó ilé bá ní o láhun, pé ìyàwó tuntun ò tún yàrá ṣe, rẹ́rìn-ín sí wọn. Sọ pé ẹ̀gbọ́n ẹ tó jẹ́ oní-táìlì ló ya ọ̀lẹ. Kí wọ́n bú mi. Mo lẹ́wà tó o, kò ní ràn mí.

Tọ́jú ìyá yẹn. Èyí ṣe pàtàkì ju gbogbo ẹ̀ lọ. Fún un lónjẹ gbígbóná, bá a fọ aṣọ ẹ̀, jókòó tì í, kó máa rí ẹni tó gbà á gbọ́. Mi ò sọ ọ́ torí ilé nìkan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun lòpó tó gbé ilé náà ró. Mo sọ ọ́ torí pé ó jókòó sínú ilé ara ẹ̀ bíi Màámi, tó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n. Ọjọ́ tó bá kú, Ọlọ́hun má jẹ́ kó yá, bí wọ́n bá ti ṣàdúrà ogójì ọjọ́ tán, ẹ tẹ́tí sí ẹnu ọ̀nà. Bí bàtà mímọ́ bá wọlé, má ra mínírà. Má bá ẹnikẹ́ni di ìdí nǹkan kan mú. Bẹ̀rẹ̀ sí í ká ẹrù ẹ.

Mi ò mọ bóyá o ṣì ń bínú. Bó o bá ń bínú, máa bínú lọ, ṣáà máa gbọ́ tèmi. Lọ́jọ́ yìgì, màá jókòó sórí àga bàbá, màá wọ bùbá funfun, màá fi ẹ́ fọ́kọ bó ṣe yẹ, màá dẹ̀ ṣàdúrà sókè kí gbogbo Àgùdà gbọ́. Ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà mí.

Ó yá, lọ tú ohun tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Kápẹ́ẹ̀tì rọ́bà ni. Àwọ̀ ewé, tí òdòdó kékeré wà létí ẹ̀, irú èyí tí Màámi máa ń dúró wò lọ́jà tí kì í rà. Mo ti gé e bá yàrá méjèèjì mu, igun sígun, mi ò ṣì í níbì kankan, torí mo ti wọn yàrá yẹn. Omi kì í wọ̀ ọ́, ìgbálẹ̀ ń gbá a. Bó o bá tẹ́ ẹ, wọ́n á rò pé táìlì ni. Bó bá dẹ̀ dọjọ́ kan, wàá ká a, wàá gbé e sí èjìká, ẹnikẹ́ni ò ní fọ́ ọ mọ́ ẹ lọ́wọ́.

Kàmórù máa ní kó o jẹ́ kóun fi gọ́ọ̀mù lẹ etí ẹ̀ mọ́lẹ̀ kó má bàa máa ká. Ọmọ dáadáa ni, ṣùgbọ́n kò tíì kó jáde nílé kankan rí. Má gbà fún un.

Èmi ni,
Múfútáù,
bàbá ẹ lọ́jọ́ yìgì, ẹ̀gbọ́n ẹ lọ́jọ́ tó kù.